Òróró tí a kò lè wín ara wa

Ẹ̀yin ará, Ọjọ́ Ìsinmi tí ó súnmọ́ ọjọ́ Ańdérù Mímọ́ jùlọ, èyíinì ni ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ni Ìjọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀ Ádífẹ́ntì, ìgbà ìdúródè Olúwa. Ọ̀pọ̀ a máa wàásù nígbà náà lórí àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù orí 25. Àwọn mìíràn a sì máa bèèrè pé, èéṣe tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi fi òróró du ẹgbẹ́ wọn? Ahun ha kọ́ nìyí?

Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó sùn. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí oorun. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ti wà nínú kólòbó kí oorun tó kùn wọ́n. A lè bu iyọ̀ fún aládùúgbò, a lè yá a ní aṣọ òde pàápàá. Ta ni ó lè wín ẹlòmíràn ní sùúrù tí òun fi ọdún mẹ́wàá kọ́? Ẹni tí ó ti ra aṣọ Kérésìmesì sílẹ̀, tí kò sì bá arákùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti èṣí, ta ni yóò bá a parí ìjà náà?

Àwọn aláìgbọ́n kò ṣàì lọ ra òróró, wọn kò sì ṣàì padà. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n bá ní títì.