Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ìdílé Fi Àrùn Rẹ̀ Pamọ́?

Nígbà tí a bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wa, a máa ń ṣe ìwádìí: ǹjẹ́ wèrè wà ní ilé náà, tàbí wárápá, tàbí ẹ̀tẹ̀ (èyí tí kì í ṣe àjogúnbá rárá)? Àwọn àgbà kò ṣe èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ìdílé ti kọ́ láti pa ẹnu mọ́. Bí jẹjẹrẹ ọyàn bá pa ìyá, tí ó sì tún pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, a ó sọ fún àwọn ọmọ pé ayé ni ó ṣe wọ́n.

Bí 5 sí 10 nínú 100 àrùn jẹjẹrẹ ni ó ti ọ̀dọ̀ òbí wá. Ní 1866, Paul Broca, oníṣègùn ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé bí àrùn yìí ti ń pa àwọn ará ilé aya rẹ̀ láti ìran dé ìran. Ní 1990, Mary-Claire King ní Amẹ́ríkà fi ibi tí okùnfà kan wà hàn: jíìnì tí à ń pè ní BRCA1. Jíìnì ni ìtọ́ni kékeré inú ara tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ òbí. Iṣẹ́ ti èyí ni láti bá ara tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù dà bí ìlú olódi méjì tí odi kan ti wó: ogun kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n odi kan ṣoṣo ni ó kù. Ẹlòmíràn yóò gbé e títí ọjọ́ ogbó, àrùn náà kò sì ní mú un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ní 2018, Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó lé ní 1,000 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn. Bí 7 nínú 100 ni ó ní BRCA1 alábùkù. Bí 4 ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, BRCA2.

Ìyá tí ó mọ̀ yóò wí pé, “Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò fẹ́ àwọn ọmọ mi?” A kò fi ẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àìsàn tirẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó lè fi pamọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ti jogún kì í ṣe ti ìyá mọ́. Bí bàbá bá jẹ gbèsè kú, ta ni yóò fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ tí olówó yóò wá sìn lọ́wọ́ wọn? Ọmọ tí ó mọ̀ lè máa lọ fún àyẹ̀wò ní ọdọọdún, kí a lè tètè rí kókó náà nígbà tí ó ṣì kéré.

Ti àfẹ́sọ́nà ni ó ṣòro jù. Ní tiwa, ọmọbìnrin náà ni ó ni ọ̀rọ̀ náà láti sọ, kì í ṣe àwọn àgbà ilé.

Ọkùnrin pẹ̀lú ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá. Ara rẹ̀ lè le, kí ó sì fi í fún ọmọbìnrin rẹ̀. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dà bí owó tí a jù sókè, tí a kò mọ ojú tí yóò fi balẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá bá pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kí ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú.