Ta Ni A Ń Kọ́ Ilé Fún?

Nígbà tí ìdílé bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni a ń kọ́ ọ fún?

Bí a bá wo ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, pálọ̀ ni ó máa ń gba àyè jù, nítorí àlejò. Ilé ìdáná, níbi tí ìyá àti àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, igun tí ó ṣẹ́kù ni a máa ń fún un. Fèrèsé rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ. Àyè odó kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa ará Èkìtì kì í fi iyán ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìrọ̀rùn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn ju 237,000 lọ. Èéfín tí ìyá ń fà símú ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń fà símú.

Àwọn kan lè sọ pé Bíbélì pàṣẹ kí a máa ṣe àlejò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni a fi ń ṣe àlejò, ilé ìdáná ni oúnjẹ sì ti ń wá. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ra àga olówó ńlá sí pálọ̀, tí ó fi aya rẹ̀ sínú èéfín, ìta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1926, obìnrin ará Austria kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ya àwòrán ilé ìdáná fún àwọn ilé tuntun ní Frankfurt, ní Jámánì. Ó mú omi, ààrò àti tábìlì súnmọ́ ara wọn kí lílọ bíbọ̀ lè dínkù. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá náà gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni mẹ́ta lè gún iyán nínú odó kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n rẹ̀, kí a sì fi àyè kún un.

Kí fèrèsé méjì kọjú sí ara wọn. Kí ilẹ̀ ibi odó jẹ́ kọnkéré, nítorí táìlì yóò fọ́. Kí sílíńdà gáàsì wà níta. Ní Ẹ̀fọ̀n tí òkè yí ká, kí ilé ìdáná àti ibi ìjẹun wà lórí ilẹ̀ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má máa gbé ìkòkò gbígbóná gun àtẹ̀gùn.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí a bi ẹni tí yóò dáná léèrè kí àwòrán tó parí. Lórí ìwé, ọ̀fẹ́ ni a ń sún ògiri; lẹ́yìn tí a bá ti mọ ọ́n, owó ni. Jésù sọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí ilé ìṣọ́ yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí ìlera ìyá wà nínú ìṣírò tiwa. Kí Olúwa bá wa kọ́ ilé wa. Àmín.