Ta Ni À Ń Pè Ní Irúnmalẹ̀?



Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, arákùnrin kan rí ìwé kan lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Ó ka àkọlé rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni. Ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ yàrá ọmọ Ọlọ́run, pé ohun tí a ń fi ààwẹ̀ lé jáde ni mo tún ń fi owó rà wọlé. Mi ò rà á o. Bàbá mi ló fún mi nígbà tí mo wọ yunifásítì, nítorí Minna níbí ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì yóò gba Yorùbá lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ arákùnrin yẹn kò le lójú mi. D. O. Fágúnwà tó kọ ìwé náà, Kristẹni ni, tíṣà ni, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé CMS, ti àwọn míṣọ́nnárì, ló gbé e jáde ní 1938. Fágúnwà kò sì yọ Ifá kúrò nínú orúkọ ìdílé rẹ̀ títí ó fi kú ní 1963, nítòsí Bídà tí kò jìnnà sí wa yìí. (Ká ní ọ̀kan nínú wa ni, ì bá ti di Jésùgúnwà tipẹ́.) Ohun tó dá mi dúró nínú ìwé náà yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á mọ Àkàrà-oògùn. Àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, ìbọn bàbá rẹ̀ ló sì pa á. Ó wọ igbó, ó bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ̀yá ìjà, ó rí oríṣiríṣi èèmọ̀, ó sì padà wálé láàyè. Lẹ́yìn náà ni ọba rán òun àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó, láti lọ mú ohun tí yóò jẹ́ kí àlàáfíà pọ̀ ní ìlú wá. Kàkó, oníkùmọ̀ ẹkùn, wà lára wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni wọ́n wá pè é. Ìyàwó rẹ̀ di mọ́ ọn, ó ń sunkún pé kó má fi òun sílẹ̀. Inú bí Kàkó pé ó fẹ́ dá òun dúró. Ó yọ àdá, ó sì pa á.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Wọn kò tíì wọ igbó o. Irúnmalẹ̀ kankan kò tíì yọjú sí wọn. Àlàáfíà ni ọkùnrin yìí ń lọ mú bọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára rèé. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ọmọ Núpé kan láti Bídà ni èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá ní Gidan Kwano. Mo lá àlá lóru ọjọ́ kan pé ó ń lé mi nínú igbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni èsì ìdánwò jáde, mo sì gbé kóòsì ìṣirò kan. Mo so méjèèjì pọ̀. Mo gba àdúrà lé e lórí ní ìṣọ́ òru, mo pàtẹ́wọ́, mo fẹsẹ̀ kilẹ̀, mo ń sọ pé kí iná jó ọ̀tá tó ń gbé nítòsí mi. N kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Bó bá kí mi, mo ń dáhùn bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ibà dá a wó, mo gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní òru, mo sì fi aṣọ bo orí. Ọmọ yàrá kejì ló gbé e lọ sí kíníìkì lórí ọ̀kadà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ̀ dáadáa pé n kò ka ìwé fún ìdánwò yẹn.

Mo gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ń bẹ. Jésù kò bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Máàkù orí 5. Àwọn ará ìlú ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọkùnrin tó ń gbé ibojì, nítorí òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di ọ̀kan lójú wọn. Jésù ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló lé lọ. Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó tún ní ilé tí wọ́n rán an padà sí. Àdúrà tí mo gbà nínú ìṣọ́ òru yẹn kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin náà gan-an ni mo fẹ́ kó jóná.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé àwọn tó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kágárà lọ ní 2021 ńkọ́, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ìbéèrè yẹn le ju ti arákùnrin yẹn lọ. Mo fẹ́ kí ìjọba mú wọn, kí ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan la lè mú dé ilé ẹjọ́. Bí mo bá pè wọ́n ní irúnmalẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo ti sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè dáhùn fún.

Mo bẹ ọmọ Bídà yẹn ní oṣù tó kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan àlá náà. Ó rẹ́rìn-ín sí ti àlá, kò rẹ́rìn-ín sí ti ibà. Ó ní òun gbọ́ àdúrà yẹn nígbà náà, pé orúkọ òun wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ohùn mi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, mo ń ka ìwé náà fún un ní alaalẹ́, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é. Nígbà tí a dé ibi Kàkó, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n máa bá a lọ. A kò tíì dé Òkè Láńgbòdó.