Ohun Tí Ó Nù Ní Ẹni Tí Ó Ni Ín

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ rò ó lè pè é ní ọ̀rọ̀ òǹrorò, nítorí ikú ni a sábà máa ń kà sí òpin ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí a sin ín sí. A ó ṣìpẹ̀ fún un, yóò sì gbà nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò mọ̀ bóyá kí òun ṣọ̀fọ̀ tàbí kí òun máa retí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lóru, àyà rẹ̀ a já.

Bí a bá mú òye yìí lọ sí orí 15 Ìhìnrere Lúùkù, a ó gbọ́ òwe náà bí Yorùbá ti í gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni baba náà sọ nípa ọmọ rẹ̀ tí ó padà dé: pé ó ti kú rí, ó sì tún yè, pé ó ti nù rí, a sì rí i. Ẹlòmíràn lè rò pé èyí èkejì rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní etí tiwa, òun gan-an ni ó wúwo jù.

Nítorí náà a ní láti béèrè pé: nígbà tí a bá wí pé ẹnì kan ti nù, ta ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù? Nínú ìwàásù, ó rọrùn láti sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀gàn fún àwọn tí kì í bá wa jọ́sìn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí í nù bí kò bá ní ẹni tí ó ni ín. Ẹtu inú igbó kì í nù, bí ó ti wù kí ó rìn jìnnà tó. Àgùntàn ni í nù, nítorí ó ní olùṣọ́ tí ń kà á. Òkúta etí odò kì í nù. Owó fàdákà ni ó nù, nítorí obìnrin náà mọ̀ pé mẹ́wàá ni òun ní. Ẹni tí ó bá pe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ẹni tí ó nù ti jẹ́wọ́, bí ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé ti Ọlọ́run ni onítọ̀hún.

Àwọn atúmọ̀ yóò rán wa létí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò, apollumi, ní ìtumọ̀ mìíràn pẹ̀lú: kí nǹkan ṣègbé, kí ó parun. Òun kan náà ni ọmọ náà lò nígbà tí ebi ń pa á kú lọ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò gbé méjèèjì dání. Kò yẹ kí a tìtorí ìrora ẹni tí ń wá ọmọ gbàgbé ewu tí ó wà lórí ọmọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi jáde nílé, ìyà tí ó sì jẹ ẹ́ kì í ṣe àlá.

Ìtàn iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ó ti di àlùfáà. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn láìlè fọhùn. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Lóòótọ́, Àjàyí kò fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ bí ọmọ inú òwe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí inú ìyá náà fi dùn. Ọmọ rẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n inú òwe náà ti kọsẹ̀ nìyí. Ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣàìní òtítọ́: ó ti sìn, àbúrò sì ti ná tirẹ̀ tán. Baba kò jiyàn. Ó ní gbogbo ohun tí òun ní, ti ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò ní ọmọ baba, kò fẹ́ pè é ní tirẹ̀. Baba sì rọra dá ọ̀rọ̀ náà padà fún un. Gíríìkì kò ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì ṣe wá ní rere; ẹni tí ó bá wí pé "àbúrò mi" ti gba ipò ẹ̀gbọ́n, ipò ẹ̀gbọ́n sì ní ẹrù tirẹ̀. Ọmọ tí ó nù mọ́ baba lọ́wọ́ ti nù mọ́ òun náà lọ́wọ́.

Lúùkù kò sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìró ayọ̀ ti ń dé etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń wàásù, tí a ń túmọ̀, tí a sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ yìí ṣọ́ra, kí ó má bàa jẹ́ pé ibẹ̀ ni a ó bá àwa náà.