Òfin Ìpànìyàn àti Ìlú Ààbò

A máa ń bi wá léèrè pé, èé ṣe tí a kò fi “láìtọ́” kún òfin ìpànìyàn tí ó wà ní Ẹ́kísódù 20:13, kí ọkàn ọmọ ogun àti adájọ́ lè balẹ̀? Hébérù kò fi í síbẹ̀. Ní Nọ́ḿbà 35, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a lò fún ẹni tí ó fi ìkórìíra pànìyàn, fún ẹni tí ó ṣèèṣì, àní fún ikú tí a dá fún apànìyàn pẹ̀lú. Ìlú ààbò mẹ́fà wà fún ẹni tí ó ṣèèṣì, ṣùgbọ́n ìjọ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ padà sílé títí olórí àlùfáà yóò fi kú. Bí àwa bá fi “láìtọ́” sínú òfin, ta ni yóò tún sá lọ síwájú ìjọ?