Ìwà Ẹ̀dá Inú Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ọmọdé

Ní Ìyànà Ọ̀fà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, àríyànjiyàn kan wáyé láàrin bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọdé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òǹkọ̀wé la ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀ fún ọmọ, àbí kí ó jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá a rí?

Bàbá ní ó tọ́ kí ó là á. Ó rán obìnrin náà létí pé D. O. Fágúnwà, tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, a máa dá ìtàn dúró kí ó lè gba òǹkàwé níyànjú, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé kà á.

Obìnrin náà fèsì pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo Ìjàpá.” Ìjàpá bu ẹ̀bẹ gbígbóná sí fìlà nílé àna rẹ̀, ó dé e, orí rẹ̀ sì pá, apàlọ́ sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, gbogbo ọmọ gbọ́, ṣùgbọ́n nínú àlọ́ ọjọ́ kejì, olè ni Ìjàpá ṣì ń jà. Ẹjọ́ ìṣe ni àlọ́ ń dá, kì í sì í ṣe àbùkù rẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn àròsọ ló lè fi ìdàgbàsókè ìwà hàn, èyíinì ni bí ọkàn ẹ̀dá ìtàn ṣe ń yí padà títí tí yóò fi di ẹlòmíràn.

Bàbá kò tíì gbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jẹ́ ọmọlúàbí ni, odindi ló yẹ ẹ́.

Obìnrin náà wá mẹ́nu ba Kúyẹ̀, ìwé tí J. F. Ọdúnjọ gbé jáde ní 1964, nípa ọmọ òrukàn kan tó jẹ́ odi àti adití. Kúyẹ̀ kò ṣẹ̀, síbẹ̀ ó jìyà. Ìwà àwọn tó fìyà jẹ ẹ́ ló yẹ kó yí padà, àti ìwà òǹkàwé pẹ̀lú. Ọmọ tó ti bá Kúyẹ̀ rìn títí, yóò ṣòro fún un láti fi adití ṣe yẹ̀yẹ́ kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Èyí wọ bàbá lọ́kàn. Ó béèrè ìwé tí obìnrin náà ń kọ lọ́wọ́, nínú èyí tí ọmọkùnrin kan tí wọ́n rán ra gààrí ti tọ́jú ṣẹ́ńjì, tó purọ́, tó sì dá owó náà padà nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá gbà pé kí ìyànjú tó wà lójú ewé ìkẹyìn kúrò, ṣùgbọ́n ó ní ìyípadà ọmọ náà ti yá jù.

“Tún rán an lọ sọ́jà,” ni bàbá wí, “kí ẹni tó rán an má sì ka owó tó bá mú bọ̀.”