Ẹ GBÉ ỌMỌ NÁÀ LÉ WỌN LỌ́WỌ́

Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí Kérésìmesì àkọ́kọ́ ọmọ tuntun
Ẹ ka: Luku 2:21–38

  

Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni ìjọ fi lé wa lọ́wọ́. Àwa ni a ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí a ti ń ṣí ìwé náà láti pèsè ìwé ìrántí yìí, a rí i pé àwọn ọmọ tí Olúwa fi ta wá lọ́rẹ láti Àjọ̀dún tí ó kọjá kò kéré rárá. Kérésìmesì tí ó ń bọ̀ yìí ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ fún wọn. Nítorí náà a fẹ́ bi àwọn òbí wọn ní ìbéèrè kan: ọwọ́ àwọn wo ni ẹ ó gbé ọmọ yìí sí ní ọjọ́ náà?

KÉRÉSÌMESÌ OLÚWA FÚNRA RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí Jésù alára ṣe. Ìrìn-àjò ilé ni. Láti Nasareti dé Betlehemu ju 100 kìlómítà lọ, Josefu sì gbé aya rẹ̀ rìn ín nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú àwọn baba rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò rí yàrá. Ibùjẹ ẹran ni a tẹ́ Ọmọ sí. Bíbélì kò dárúkọ ìyá àgbà kankan tí ó wẹ ọmọ náà fún wọn, kò sì sọ ti ẹni tí ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún Maria.

Ǹjẹ́ Ọlọ́run fi Ọmọ Rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹbí bí? Rárá o! Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni àwọn olùṣọ́-àgùntàn dé. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, bí àwa náà ti ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọjọ́ 40 pé gẹ́gẹ́ bí òfin (Lefitiku 12), wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì ní Jerusalemu. Níbẹ̀ ni bàbá Simeoni wà, níbẹ̀ ni ìyá Anna wà, opó àgbà tí kì í kúrò nínú tẹ́ḿpìlì.

Ẹ kíyèsí èyí, ará: Simeoni kò dúró lókèèrè máa wo Ọmọ. Apá rẹ̀ ni ó fi gbà á. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé Maria mọ̀ ọ́n rí, síbẹ̀ a kò kà á pé ó fawọ́ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí arúgbó yẹn ti ń retí láti ìgbà pípẹ́ dé sí i lápá, ó sì ní ó tó, òun lè lọ sinmi.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÀGBÀ

Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun kan wà tí òbí tí ó ń gbé ìlú ńlá kò lè rà fún ọmọ ní ọjà. Ta ni yóò ki ọmọ ní oríkì ilé bàbá rẹ̀? Ìyá àgbà ni. Ta ni yóò wo etí àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò pariwo pé, "Hẹn-ẹn, bàbá wa rèé!"? Ìyá àgbà náà ni. Yóò pe ọmọ ọkùnrin kékeré náà ní "ọkọ mi". Ẹ̀gbọ́n bàbá yóò gbà á, àbúrò ìyá yóò já a gbà, àwọn ọmọdé ilé yóò máa du ẹni tí yóò gbé e. Ọmọ náà kò ní rántí ọjọ́ yẹn o, ṣùgbọ́n agbo ilé yóò rántí. Bí ó bá di ọmọ ogún ọdún tí ó wọ agbo ilé, ẹnìkan yóò dìde pé, "Kérésì àkọ́kọ́ rẹ, ẹ̀yìn mi ni o sùn sí." Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ.

ẸJỌ́ TÍ A JẸ̀BI

A kò fẹ́ wàásù fún ẹlòmíràn kí a fi tiwa pamọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Tọkọtaya kan láàrin wa bí àkọ́bí wọn nínú oṣù kẹsàn-án. Ìyá ọkọ ránṣẹ́ láti ìlú pé kí wọ́n gbé ọmọ wá fún ọdún kí òun rí i. Wọ́n ti di ẹrù. Ní ìsìn ìṣọ́òru, a ríran sí wọn: a rí ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń sunkún.

Ìran náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a wà níbẹ̀ ni a fi ẹnu wa parí rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ọmọ ni ó ń wá!" Ẹlòmíràn ní, "Ogo ọmọ ni ó fẹ́ gbà!" A gbé ààwẹ̀ ọjọ́ 3 fún wọn, a sì ní kí ọmọ má dé ilé náà títí yóò fi pé ọdún kan. Kálàmù tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìran, ọwọ́ wa ni ó wà.

Wọ́n gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Ìyá se ìrẹsì, ó pa adìyẹ, ó bu tiwọn sọ́tọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí Àjíǹde tó dé, ìyá sùn. Nígbà tí a bá wọn lọ síbi ìsìnkú, wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n bá ọ̀já òfì tuntun kan, ó ká a dáadáa, ó di owó kékeré sí i létí. Ìyàwó náà fi ọ̀já yẹn pọn ọmọ tẹ̀lé òkú dé ibojì. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa jà. Èyí ni ó dùn wá jù.

Nígbà tí a padà dé, a ṣí ìwé ìran. Ìran náà kò purọ́. Ìyá arúgbó wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ẹkún ni ó ń sun lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Àwa ni a sọ ọwọ́ rẹ̀ dòfo. Ẹ̀mí Mímọ́ fi omijé ìyá hàn wá kí a lè nù ún, àwa sọ ìyá di ọ̀tá ilé. A ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún tọkọtaya náà. Láti ìgbà náà, ohun tí Ẹ̀mí kò sọ, a kì í kọ ọ́ mọ́ ìran.

TI HERODU ŃKỌ́?

Ẹlòmíràn yóò ní, "Akọ̀wé, ṣebí áńgẹ́lì ní kí Josefu gbé Ọmọ sá lọ sí Egipti?" Bẹ́ẹ̀ ni (Matiu 2:13). Ṣùgbọ́n áńgẹ́lì náà dárúkọ ọ̀tá: Herodu, ọba tí ó ní idà. Kò ní kí Josefu máa fura sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí Herodu sì kú, áńgẹ́lì tún wá ní kí wọ́n padà sílẹ̀ wọn. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún 12 tí a kò rí i, àárín àwọn ìbátan ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá a (Luku 2:44). Odidi ọjọ́ kan ni òbí rẹ̀ ti rìn láìfòyà, nítorí wọ́n rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹbí. Inú agbo ẹbí ni a ti tọ́ Olùgbàlà dàgbà!

A kò sọ pé kò sí ìkà láyé. Ẹni tí ojú wa rí tí ó ń ṣe ọmọ níbi, kí a dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìfura lásán ya ọmọ nípá sí ìyá àgbà rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbàgbé ilé ìyá ọmọ bí ẹ ti ń rántí ilé bàbá. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 tàbí 14 bá ti tó, ẹ gbà á kí ẹ tó rìnrìn-àjò. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Kí ó pe ìyá lórí fóònù, kí ìyá gbọ́ ohùn ọmọ. Bí ìjà bá sì wà láàrin yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ ẹ̀bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá rẹ̀ tó o. Ẹ má fi ìrẹsì tàbí ẹlẹ́rìndòdò tọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e. Àdúrà kò bá ọṣẹ jà. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kí ó kí ọmọ lókèèrè. Ọyẹ́ máa ń mú ní àsìkò náà, ẹ daṣọ bo ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yin báńgà sítòsí rẹ̀.

Ọlọ́run Simeoni àti Anna, má jẹ́ kí ọwọ́ arúgbó kankan ṣófo nínú ilé wa ní ọdún yìí. Àwọn ọmọ tí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé wa, kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìyè. Kí wọ́n gbó, kí wọ́n tọ́, kí wọ́n gbé ọmọ tiwọn náà wá bá wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ